Ìpè Tí Mìsítúrà Kò Pè

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹwàá, Rahmah pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Amẹ́ríkà láti dúpẹ́ ìpè kan tí ẹ̀gbọ́n náà kò pè.

Mìsítúrà wà nínú ilé ìdáná rẹ̀ nítòsí pápá Peckham Rye ní London, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbé fóònù sórí tábìlì kí ọwọ́ rẹ̀ lè máa bá iṣẹ́ lọ.

"Àǹtí mi, ẹ ṣé fún ti àná," ni Rahmah wí. "Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo ti sọ fún àwọn obìnrin wa."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ti ìbò."

"Ìbò wo, Rahmah?"

Rahmah rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ti ń dàgbà. Ìbò tí ẹ ní ká sọ pé rárá sí. Ẹ ní ilé ìtọ́jú yóò tì bí a bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ pè mí ní Àwẹ̀ró. Ilẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí nínú kíṣìnì, tèmi ti fóònù létí. Ọmọ mi rò pé nǹkan ń ṣe mí."

Ọwọ́ Mìsítúrà dúró nínú ẹ̀wà. Kò pe Rahmah ní àná. Ó ti tó ọjọ́ mọ́kànlá tó ti pè é gbẹ̀yìn. Kò sì pè é ní Àwẹ̀ró láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú ní Ìwó, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ìyá wọn nìkan ló máa ń fi oríkì pe àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó kú, kò sí ẹni tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo pè ọ́," ó wí.

"Àǹtí mi. Ṣé ohùn yín ni mi ò ní mọ̀?"

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Ní ìpínlẹ̀ tí Rahmah ń gbé, kì í ṣe orúkọ àwọn tó ń wá ipò nìkan ló ń wà nínú ìwé ìbò. Wọ́n tún máa ń bi àwọn olùdìbò ní ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, èyí tí àwọn tó pọ̀ jù bá mú ni yóò di òfin. Ìbéèrè ti ọdún yìí ni pé: ṣé kí òfin pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ kan má ṣe máa dá tọ́jú ju arúgbó mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà? Inú ilé ìtọ́jú arúgbó ni Rahmah ti ń ṣiṣẹ́. Arúgbó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ń dá tọ́jú láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Nínú oṣù kẹfà, bó ti ń wẹ ìyá arúgbó kan ni bàbá kan ṣubú nínú yàrá kejì. Bàbá náà wà nílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú kí Rahmah tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú. Rahmah fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó gbé ìwé káàkiri mọ́sáláṣí kí àwọn èèyàn fọwọ́ sí i, kí ìbéèrè náà lè dé orí ìwé ìbò.

Ìpè kan ṣoṣo ló yí i padà. Rahmah sì ni Ìyá Àsàlátù ní mọ́sáláṣí wọn. Obìnrin bí ogójì ló ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí wọ́n dìbò.

Nígbà tí fóònù ti wá dákẹ́, Mìsítúrà tún ẹ̀wà náà ṣà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò mọ ibi tó dé mọ́.

*

Kò sí ohun tí Mìsítúrà ní tí àwọn èèyàn mọ̀ tó ohùn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tó dé London ní 1977. Ó fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà ló rí iṣẹ́ nídìí tẹlifóònù ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní gúúsù ìlú. Ó jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Yàrá náà wà nísàlẹ̀ ilé, kò ní fèrèsé. Ẹni tó bá pe ilé ìwòsàn, ohùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn kan ń wá ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àwọn kan ń wá ọkọ tí wọ́n gbé lọ láàárọ̀. Bákan náà ló ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ó ti kọ́ láti mú ohùn rẹ̀ dúró sójú kan, kí ẹni tó ń pè lè fara tì í.

Àwọn tó mọ ohùn náà kò mọ ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní ọjà Rye Lane, ó ní kí alápatà gé ṣàkì fún òun, obìnrin òyìnbó arúgbó kan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ sì bú sẹ́kún. "Ìwọ lo sọ fún mi pé kí n máa bọ̀," ni obìnrin náà wí. Mìsítúrà kò rántí rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ẹkún náà fi tán, ó gba ṣàkì rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Morónkẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, tó ń ṣiṣẹ́ ní council. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìpè Rahmah, Morónkẹ́ wá, ìyá rẹ̀ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

Morónkẹ́ gba fóònù, ó wo àkọsílẹ̀ ìpè inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí Amẹ́ríkà níbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀.

"Mummy, àbí fóònù ilé lẹ lò?"

"Ìwọ lo ní kí wọ́n gé fóònù ilé."

"I know. Mo kàn ń bèèrè ni." Ó dá fóònù padà. "Ẹ jẹ́ ká lọ rí GP, dókítà yín."

"Kí wọ́n wá bi mí pé ta ni Prime Minister, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá orí mi ṣì pé?"

"Ta ni?"

"Bí aṣọ ibùsùn ni wọ́n ń pààrọ̀ wọn. Mú èyí tó bá wù ọ́."

Morónkẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ nǹkan sínú fóònù tirẹ̀ kó tó lọ. Ìyá rẹ̀ rí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí Mìsítúrà ń kí ìrun Mọ̀gàríbì, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ohùn ẹni tó dúró díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ó dákẹ́. Ohùn náà dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá fẹ́ ra nǹkan ní Rye Lane, ó máa ń nàka sí i ni.

*

Ní Ọjọ́rú, Rahmah fi ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ tún ní ẹ̀yin kọ́. Ẹ ti pe Ìyá Kánsọ́lá náà. Kò gbé e, fóònù rẹ̀ sì gba ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀. Níbo lẹ ti rí nọ́ńbà rẹ̀?"

Ìyá Kánsọ́lá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin àsàlátù náà. Mìsítúrà kò mọ̀ ọ́n rí.

Kò tẹ̀ ẹ́ títí Morónkẹ́ fi dé láti ibi iṣẹ́. Wọ́n jókòó síbi tábìlì. Morónkẹ́ ló tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Mìsítúrà wí láti inú fóònù. "Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni oríkì yín?"

Ó dúró. Wọ́n gbọ́ bó ṣe dúró. Kì í ṣe ìdákẹ́ lásán. Ìdákẹ́ ẹni tó dẹtí ni. Mìsítúrà rí i pé òun náà ti mú èémí dúró.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni ohùn náà wí. "Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ó dìbò. Bí òfin yìí bá wọlé, ilé ìtọ́jú yóò tì. Iṣẹ́ yóò tán. Ta ni yóò gba àwọn arúgbó? Ẹ sọ pé rárá. Bí ọkàn yín kò bá dá yín lójú, ẹ jókòó sílé, ẹ sinmi. Ẹ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀. Pẹ̀lẹ́."

Morónkẹ́ kò wo ìyá rẹ̀. "Mummy, ẹ̀yin nìyẹn."

"Mo gbọ́."

"Ìgbà wo lẹ sọ ọ́?"

Mìsítúrà ní kí ó tún un tẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ojú dídì. Ní ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, *pẹ̀lẹ́* yẹn, ó rántí yàrá kan tí ògiri rẹ̀ rọ̀ bí ìrọ̀rí, ó sì rántí pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ní kí òun gbà sọ ọ́.

"Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni mo sọ," ó wí. "N kò sọ gbólóhùn kan nínú wọn rí."

*

Ilé kan náà ni Mìsítúrà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Christiana jọ ń gbé ní North Peckham kí ìjọba tó wó o. Nathan ni àbígbẹ̀yìn Christiana. Ní ìgbà òtútù tó kọjá, Nathan tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá kí Mìsítúrà. Ó ní ilé-iṣẹ́ òun ń wá àgbàlagbà tó gbọ́ Yorùbá dénú, tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní ilé ìwòsàn ni wọn yóò lò ó fún, nítorí àwọn arúgbó tí Gẹ̀ẹ́sì ti fi wọ́n sílẹ̀, tí wọn kò mọ ohun tí nọ́ọ̀sì ń sọ mọ́. Mìsítúrà ti rí irú wọn. Ó gbà lójú ẹsẹ̀. Nathan gbé ìwé kalẹ̀, Mìsítúrà fọwọ́ sí i láìkà á. Ìyá ọmọ jókòó níbẹ̀. Bí ó bá ń ka ìwé ọmọ lójú ìyá rẹ̀, yóò dàbí ìfura.

Oṣù mẹ́ta ló fi lọ, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, sí òkè ilé ìkẹ́rùsí kan ní Old Kent Road tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ kan yóò hàn lójú kọ̀ǹpútà, yóò sọ ọ́ bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn, yóò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàníyàn, yóò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn. Oúnjẹ. Iṣẹ́. Yóò. Tì. Rárá. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ tó hàn ni *ìbò*. Ó béèrè ohun tí ilé ìwòsàn fẹ́ fi ìbò ṣe. Nathan wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́ nìyẹn. Mìsítúrà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó oríkì wá, ó lé ní ọgọ́ta. Wọ́n ní yóò tu àwọn aláìsàn lára. Àlàó. Àmọ̀kẹ́. Àkànjí. Nígbà tó kan Àwẹ̀ró, kò mọ ọ̀nà mẹ́ta tí a lè gbà sọ ọ́. Ọ̀nà kan ló mọ̀, ti ìyá rẹ̀, ọ̀nà náà ló sì gbà. Láti ẹ̀yìn gíláàsì, Nathan gbé àtàǹpàkò sókè.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì padà lọ síbẹ̀. Àtẹ̀gùn náà wà bó ṣe wà. Nígbà tó dé òkè, ó gbọ́ obìnrin kan tó ń kí ẹnì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì dúró kí obìnrin náà parí. Lẹ́yìn ìgbà tó dúró tán ló tó mọ̀ pé ara òun ni òun ń dúró dè.

Nathan pa ẹ̀rọ náà. "Ẹ káàbọ̀, Aunty. Ẹ jókòó."

"Nathan, ohùn mi wà ní Amẹ́ríkà."

Nathan kò bi í pé kí ló túmọ̀ sí. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìwé rẹ̀ jáde, ó fi ìka sí ìlà kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n lè lo ohùn náà ní orílẹ̀-èdè èyíkéyìí, fún ohunkóhun tí òfin kò kà léèwọ̀. Orúkọ Mìsítúrà wà nísàlẹ̀, ó tẹ́jú, ó mọ́.

"Àwa kọ́ la ń pe àwọn èèyàn, Aunty. I swear. A tà á fún ilé-iṣẹ́ kan, àwọn náà tà á fún òmíràn."

"Ta ni òmíràn?"

"Wọn kì í sọ fún wa."

"Gbà á padà."

Nathan wo ilẹ̀. "Ẹ̀rọ wọn ti kọ́ ohùn yín, ó lè fi sọ ohunkóhun. Kò sí ibi tí mo lè lọ gbà á."

Lẹ́yìn gíláàsì, ọkùnrin arúgbó kan jókòó, ará Sòmálíà, ó fi nǹkan bo etí. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó tún un sọ, ó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bí ojú bàbá tó ń wo ọmọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mummy mi," ni Nathan wí.

"Pẹ̀lú ohùn wo?" ni Mìsítúrà dá a lóhùn. Ó di igi àtẹ̀gùn mú, ó sọ̀kalẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Morónkẹ́ wá ohun tó wà nídìí ìpè náà lórí kọ̀ǹpútà. Kò pamọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ yẹn máa ń kọ ẹni tó ń náwó sí ìbò sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Ẹbí fún Ìtọ́jú ló ń sanwó ìpè. Ẹgbẹ́ náà kò ní ẹbí kankan nínú. Lọ́yà kan ló ni àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn ló ń fún un lówó, òmíràn ń fún ìyẹn, Morónkẹ́ sì ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn nínú ilé tí kò sẹ́nìkan. Ní ìkẹyìn, orúkọ kan ṣoṣo ló kù: ilé-iṣẹ́ tó ni ilé ìtọ́jú tí Rahmah ti ń ṣiṣẹ́.

"Wọn ì bá ti wá bá Rahmah sọ ọ́ fúnra wọn," ni Mìsítúrà wí.

"Mummy, ta ni yóò gbọ́ tiwọn? Ẹni tó fẹ́ kéèyàn dìbò lòdì sí ara rẹ̀, ẹni téèyàn fẹ́ràn ló máa ń rán."

*

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Mìsítúrà pe Rahmah. Ó ti kọ ohun tó fẹ́ sọ sórí ìwé, ṣùgbọ́n kò wò ó.

"Rahmah, ẹ̀rọ ni. Ohùn mi ni wọ́n fi ṣe é. Èmi kọ́."

Rahmah ní, "Èwo nínú yín ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Bi mí ní ohun tó bá wù ọ́."

"Kí ni ìyá wa ń pè mí?"

"Àwẹ̀ró."

"Òun náà mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ lo sọ ọ́ fún un. Ó bi ọ́."

"Lóòótọ́, ó bi mí. Mo rò pé ẹ ń fi mí ṣeré ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ̀yin nìyí. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń bá mi jà bí ẹni tí kò jà."

"Nígbà náà, sọ fún àwọn obìnrin rẹ pé irọ́ ni."

"Òun mọ ọ̀rọ̀ sọ jù yín lọ, Àǹtí mi."

Mìsítúrà yí ìwé tó kọ dojú délẹ̀.

"Ó bi mí pé báwo ni iṣẹ́. Ó dúró, ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ ti bàbá tó ṣubú fún un, gbogbo rẹ̀, láti orí ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ mi. N kò tíì sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní, 'Pẹ̀lẹ́, Àwẹ̀ró.' Ẹ̀yin náà ńkọ́? Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín nínú oṣù kẹfà. Ẹ ní in shaa Allah, yóò dára."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Mìsítúrà rántí ọjọ́ náà. Ó wà nínú bọ́ọ̀sì, kò sì fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀.

"Ilé-iṣẹ́ yín ló ń sanwó rẹ̀," ó wí. "Àwọn kan náà tó ní kí o máa dá tọ́jú èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Owó tí wọ́n fi ń pè yín, wọn ì bá fi gba ẹni tí yóò bá ọ gbé bàbá yẹn nílẹ̀. Rahmah, wọ́n fi ohùn mi gbọ́ ẹjọ́ rẹ, kí o má bàa rò ó lẹ́ẹ̀kejì."

Ohun tí Rahmah fi fèsì kò jọ ọ̀rọ̀ ìbò mọ́. "Mo ti búra fún wọn pé ẹ̀gbọ́n mi kì í parọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ padà lọ sọ pé mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀rọ? Wọn ò ní tẹ̀lé mi mọ́. Ẹ wá sọ ọ́ fún wọn fúnra yín níbi àsàlátù lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ò lè sọ ọ́."

*

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Peckham, àárọ̀ ló ṣì jẹ́ lọ́hùn-ún. Morónkẹ́ gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, ó tún ìborùn ìyá rẹ̀ ṣe. Gbọ̀ngàn kan hàn, àga funfun tí wọ́n tò, àwọn obìnrin pẹ̀lú ìborùn wọn. Rahmah dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí Mìsítúrà ṣe rò lọ, ó sì fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn bí ẹni tí eegun ń dùn.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Mìsítúrà wí. "Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Ohùn yìí ti pe ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn kan sì ti ń fura pé ẹ̀rọ ni. Obìnrin kan níwájú fa àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Òun nìyí," ni ẹnì kan wí.

"Ó ní ojú."

"Wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ojú náà báyìí. Ọmọ mi fi hàn mí."

Mìsítúrà ṣàlàyé. Ó sọ ti Nathan, ti ìwé, ti ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ tó ni wọ́n ń wo ara wọn tó. Ohùn rẹ̀ dúró sójú kan, ó tutù, èèyàn lè fara tì í, ìyẹn gan-an ló sì ń bà á jẹ́. Ó gbìyànjú láti fi agbára sọ̀rọ̀. Obìnrin kan sọ pé èyí tó ń pe àwọn kì í bínú báyìí.

"Ta wá ni ká gbà gbọ́?" ni obìnrin náà bi Rahmah. "Ẹ̀gbọ́n tó ní ká sọ pé rárá, àbí ẹ̀gbọ́n tó ní ká má gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Rahmah kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Nígbà náà ni fóònù kan dún láàárín wọn. Ìyá Kánsọ́lá fúnra rẹ̀, obìnrin arúgbó kan, wá a nínú báàgì, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e síwájú ojú bí àwọn arúgbó ṣe máa ń gbé e, kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Mìsítúrà wí láti inú rẹ̀. "Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni oríkì yín?"

Ní Peckham, Mìsítúrà gbé ọwọ́ sókè, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀.

Ohùn náà ń dúró. Àwọn obìnrin náà wo fóònù, wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n tún wo fóònù. Kò sẹ́ni tó mira. Ìdákẹ́ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Kánsọ́lá kò fi lè fara dà á mọ́. A kì í jẹ́ kí ìkíni àgbà ṣubú sílẹ̀. Ètè rẹ̀ mì.

"Àmọ̀kẹ́," ó wí, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́.

"Àmọ̀kẹ́," ni ohùn náà wí. "Àmọ̀kẹ́ mi. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n."

Mìsítúrà kò mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Ó rí ara rẹ̀ ní igun ojú kọ̀ǹpútà, ojú méjì lókè ọwọ́ méjì, ohùn rẹ̀ sì ń bá Ìyá Kánsọ́lá sọ̀rọ̀ lọ ní ilẹ̀ òkèèrè, ó ń bi í pé báwo ni iṣẹ́, ó ń dúró, ó ń ní pẹ̀lẹ́. Ìyá Kánsọ́lá sì ń mi orí. Omi wà lójú rẹ̀.

Rahmah rìn wọ àárín wọn. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ ìyá arúgbó, ó wò ó díẹ̀, ó sì gé e. Kò ní ó dàbọ̀.

"Èmi náà dá a lóhùn," ó wí. "Mo kúnlẹ̀ fún un nínú kíṣìnì mi. Mo wá sọ fún yín pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo ṣì yín lọ́nà." Ohùn rẹ̀ há, kò dùn ún gbọ́. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kẹfà fún yín. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ nígbà tí bàbá kan ṣubú nínú yàrá kejì. N kò lè lọ, nítorí ìyá tó wà nínú omi yóò rì. Bàbá náà ń pè mí. Kò mọ orúkọ mi pè dáadáa, Rama ló máa ń pè mí. Ó pè mí títí kò fi pè mí mọ́."

Ó sọ ọ́ tán. Ó pẹ́. Kò sẹ́ni tó ní pẹ̀lẹ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dìde ná, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lọ dúró tì í.

*

Òfin náà kò wọlé. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà, àwọn tó sọ pé rárá fi díẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lọ, àwọn tó jókòó sílé sì pọ̀ ju ìyàtọ̀ náà lọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí Rahmah àtàwọn obìnrin rẹ̀ ti dìbò, àwọn tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ló borí.

Rahmah pè ní ọjọ́ kẹta, ó ń múra àtilọ síbi iṣẹ́. Ó ní àwọn yóò tún gbé ìwé káàkiri lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ṣì ń dúró de òun.

"Ṣé wọ́n ṣì ń pè?" ni Mìsítúrà bi í.

"Ó dákẹ́ ní aago tí ìbò parí. Láti ìgbà yẹn, kò pe ẹnikẹ́ni mọ́." Ó ń wá bàtà, Mìsítúrà gbọ́ ọ. "Ìyá Kánsọ́lá ń retí rẹ̀ ní àárọ̀. Ó máa ń gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í pè. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, ó ní òun mọ̀. Ó ní kí n bi yín bóyá ẹ̀yin lè máa pe òun."

Mìsítúrà wo ojú fèrèsé. Òjò ń bọ̀ láti apá pápá Peckham Rye.

"Fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́," ó wí.

"Ẹ kọ́kọ́ máa pe èmi ná." Rahmah ti dé ẹnu ọ̀nà, ìró ọkọ̀ wọlé sórí fóònù. "Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí ní oríkì mi."